Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Kí Ló Sọ Nọ́ńbà Fóònù Gbogbo Ẹgbẹ́ Di 2147483647?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú èyí tá a gbé jáde lóṣù tó kọjá, mo kàn sọ ọ́ fìrí pé nọ́ńbà kan wà, 2147483647, pé ìtàn pọ̀ nídìí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa gbá mú nìyẹn, ńṣe ni lẹ́tà ń rọ́ wọlé. Òun nìkan la máa sọ lónìí, àwọn tó béèrè nǹkan míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù dìgbà míì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa oníṣòwò kan n'Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló bá wa ṣe ètò tá a fi ń kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ pa mọ́. Èèyàn 86 ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ sínú ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí mo fẹ́ wá nọ́ńbà ìyálọ́jà wa, 2147483647 ni mo rí, mo wo ti akápò, 2147483647, gbogbo wọn pátá ni. Mo pè é, kò lọ. Ẹnì kan ní àwọn ọmọ yahoo ti wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo wá rí nọ́ńbà yẹn gan-an nínú ìwé yín, àyà mi já. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, akọ̀wé wa, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe kékeré. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ọmọ yahoo kankan níbẹ̀. Ibi tí ọmọ yẹn ní kí ètò náà máa kó nọ́ńbà fóònù sí ló kéré ju nọ́ńbà fóònù tiwa lọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ kó yé yín, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹni tó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí á mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni, ó ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Tí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, èso kọ̀ọ̀kan yálà kó dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè, kò sí ìkẹta. Bàbá kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí n lè máa wò ó, á gbé e sókè díẹ̀, á jẹ́ kó rọra sùn sórí ẹní, á wá fi ojú tọ èso náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀ kó tó la ẹnu. Ojú méjì ni èso kan ní, tí wọ́n bá di méjì ó di mẹ́rin, tí wọ́n bá di mẹ́ta ó di mẹ́jọ, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa dé èso kẹjọ, 256 lẹ máa bá níbẹ̀. Odù Ifá 256 tí gbogbo wa ń gbọ́ nìyẹn, kò sí ọ̀kan tó lé, kò sí ọ̀kan tó dín.

Kọ̀ǹpútà náà ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní bíìtì, bí èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan ló rí, ó wà ní ṣíṣí tàbí ó wà ní dídé. Àpótí tí ọmọ yín lò fún nọ́ńbà ní bíìtì 32, àmọ́ wọ́n yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ kó máa sọ bóyá nọ́ńbà náà wà lábẹ́ òdo, bí ìgbà téèyàn jẹ gbèsè, ó wá ku 31. Ká ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan lè ní èso 31, ọ̀nà 2147483648 ló lè gbà ṣubú. Kọ̀ǹpútà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ìkà látorí 1, orí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó gbẹ̀yìn fi dín ẹyọ kan, tó jẹ́ 2147483647. Ibẹ̀ ni ògiri wà, kò lè lọ síwájú mọ́.

Nọ́ńbà fóònù tiwa wá ńkọ́? Ẹ yọ òdo iwájú kúrò nínú 080 tàbí 070 tàbí 090, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ á tiẹ̀ ti yọ ọ́ torí òdo iwájú ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, èyí tó kù ti lé ní bílíọ̀nù méje, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ ni àpótí yẹn gbà. Dátábéèsì kan, ìyẹn ibi tí ètò ń kó nǹkan pa mọ́ sí, á kọ̀ ọ́, á ní ohun tẹ́ ẹ gbé wá ti pọ̀ jù. Àwọn kan ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn kọ iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbé síbẹ̀, wọ́n á sì máa wò yín. Bí ìyálọ́jà àti akápò àti gbogbo yín ṣe di ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn.

Ohun tó máa dùn yín ni pé àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ò sí nínú ètò yẹn mọ́ rárá, kì í ṣe pé wọ́n sá pa mọ́ síbì kan. Ìwé tẹ́ ẹ dà wọ́n kọ látibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wá. Ẹ sọ fọ́mọ yẹn kó yí ibi nọ́ńbà fóònù padà sí ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ sí, èyí tí àwọn tiwọn ń pè ní text, torí nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rò pọ̀ tàbí tó ń yọ kúrò lára ara wọn, bí orúkọ ló ṣe rí. Kẹ́ ẹ tó tẹ 86 yẹn padà, ẹ tẹ ẹyọ kan wò ná, kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ tún ṣí i.

Ẹ tún bi í léèrè bó ṣe ń kó owó ẹgbẹ́ pa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, èyí ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń fi kọ́bọ̀ ṣírò owó kí nọ́ńbà má bàa ní àmì ẹ̀sún, ìyẹn point, láàárín. Tó bá jẹ́ irú àpótí kan náà ló lò, 2147483647 kọ́bọ̀ jẹ́ ₦21,474,836.47. Ẹgbẹ́ oníṣòwò èèyàn 86 lè kó jù bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dún kan, lọ́jọ́ tí owó yín bá sì kọjá ibẹ̀, ìwé yín á máa parọ́ fún yín láìsí ẹni tó jí kọ́bọ̀ kan. Kó lo àpótí bíìtì 64.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé orin kan kún YouTube dé góńgó rí? Àwa mẹ́ta la ń jiyàn lé e lórí níbi iṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Gangnam Style ni, orin Psy ará Kòríà. Ní December 2014 ni YouTube kéde pé àwọn ò rò ó rárá pé fídíò kan á lè ní iye òǹwòran tó ju 2147483647 lọ, wọ́n sì sọ kántà wọn di ti bíìtì 64. Ògiri tuntun yẹn wà ní 9,223,372,036,854,775,807. Ẹ wo nǹkan tí ìlọ́po méjì ń ṣe, èso tí wọ́n fi kún un ò ju 32 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Mo wà ní SS2 l'Ábẹ́òkúta. Tíṣà wa ní 2147483647 jẹ́ prime number, pé ẹnì kan ló fọwọ́ ṣírò ẹ̀ láyé àtijọ́ nígbà tí kò sí káńkúlétọ̀. Mo gbìyànjú láti máa fi nọ́ńbà pín in, mo dé 97 ó sú mi. Báwo lẹni yẹn ṣe ṣe é? Ṣé kò kàn méfò ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tó o gbìyànjú, ẹni tó dé 97 kó tó sú u, ó ti ṣe bẹbẹ. Kò méfò o. Leonhard Euler ni, onímọ̀ ìṣirò, ọmọ Basel ní Switzerland, wọ́n bí i lọ́dún 1707. Lẹ́tà tó kọ sí ọ̀kan nínú ìdílé Bernoulli lọ́dún 1772 ló ti sọ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ló wà nígbà yẹn, ojú ẹ̀ kan ti lọ tipẹ́, èkejì náà ò fẹ́ẹ̀ ríran mọ́, orí ló fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò ẹ̀, àwọn míì ló ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí èyí ni orí mi máa ń wú.

Ó dáa, jẹ́ ká jọ ṣe é. Prime, ó yé ẹ pé nọ́ńbà tí kò sí nǹkan míì tó lè pín in dọ́gba yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra ẹ̀ ni. Tí nọ́ńbà méjì bá fi ara wọn bí 2147483647, ọ̀kan nínú wọn ò lè ju 46340 lọ, torí 46341 lọ́nà 46341 ti jẹ́ 2147488281, ó ti kọjá. Torí náà o ò ní kọjá 46340. Àmọ́ ìyẹn ṣì pọ̀, ibi tí ìwọ ti ń gbìyànjú gbogbo prime tí ń bẹ nílẹ̀, 3, 5, 7, 11, ibẹ̀ ni Euler ò bá ẹ lọ.

Nọ́ńbà tiwa yìí ní orírun, 2 ni wọ́n fi lọ́nà ara ẹ̀ títí ó fi pé 31, wọ́n wá yọ 1. Nọ́ńbà tó bá jáde láti ibẹ̀ ní àṣírí kan. Wo àbúrò ẹ̀ kékeré kan ná, fi 2 lọ́nà ara ẹ̀ títí ó fi pé 11, yọ 1, ó jẹ́ 2047. Ó dà bíi prime, kì í ṣe prime, 23 lọ́nà 89 ni. Ó yá, mú 11, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 22. 23 jẹ́ 22 àti ẹyọ kan. 89 jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin àti ẹyọ kan. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Prime tó bá máa pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan kù tó o bá fi ìlọ́po méjì 11 pín in, Fermat ará Faransé ló ti kọ́kọ́ rí i. Fún tiwa, ìlọ́po méjì 31 ni, 62. Prime tí kò bá ti jẹ́ 62 lọ́nà kan ṣá àti ẹyọ kan, má wulẹ̀ dán an wò, kò lè pín in. Gbogbo làálàá tó o ṣe dé 97 yẹn, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó lè ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Euler tún ní ajọ̀ kejì. Prime tó bá máa pín in, tó o bá fi 8 pín prime yẹn, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Tó o bá fi ajọ̀ méjèèjì jọ̀ ọ́, èyí tó máa kù ni 63, kó o máa fi 248 kún un, àti 249, kó o máa fi 248 kún òun náà. Láti ibẹ̀ dé 46340, mo kà wọ́n, 373 péré ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé tó o bá wò wọ́n báyìí wàá mọ̀ pé wọn kì í ṣe prime. 63, mẹ́ta pín in. 249, mẹ́ta pín in. 311, òun ni prime àkọ́kọ́ tó yẹ kó o dán wò. Fi pín in: 311 lọ́nà 6905092 jẹ́ 2147483612, ó ṣẹ́ 35 kù, kò wọ̀ ọ́. 497 jẹ́ 7 lọ́nà 71, fò ó. 559 jẹ́ 13 lọ́nà 43. 745, márùn-ún pín in. 807 àti 993, mẹ́ta pín wọn. 1055, márùn-ún. 1241 jẹ́ 17 lọ́nà 73. Èyí tó kàn ni 1303, ó ṣẹ́ 226 kù. O rí i pé o ti ń lọ báyìí? Kódà ká ní o ò fo ìkankan, tó o bá ń ṣe mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ 38 ló máa gbà ẹ́, ní ìwé àti bírò, wàá sì ti fi ọwọ́ ara ẹ mọ ohun tí Euler mọ̀. Mo fẹ́ kó o ṣe é, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ọwọ́ tó ti ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdánwò ìṣirò kankan ò ní bà á lẹ́rù mọ́.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí prime tó tóbi jù ú, Landry ará Faransé wà lára àwọn tó rí èyí tó jù ú lọ, lọ́dún 1867. Ó tún bí ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà pípé. 6 jẹ́ nọ́ńbà pípé torí 1, 2 àti 3 tó lè pín in, tó o bá rò wọ́n pọ̀ ó padà di 6. 28 náà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà pípé tó ti ara tiwa jáde ni 2305843008139952128. Ní 1811, Peter Barlow ará England kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni yóò tóbi jù tẹ́nikẹ́ni máa rí láéláé, torí pé irú nọ́ńbà yìí kàn yani lẹ́nu lásán ni, kò wúlò, ta ló máa jókòó wá èyí tó jù ú lọ. Ní 1876, Édouard Lucas ará Faransé jókòó, ó sì rí i, ní 1883, àlùfáà ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pervushin, náà rí òmíràn. Èmi ò gbà pẹ̀lú Barlow rárá. Prime yìí wúlò: ní 1988, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Park àti Miller, dámọ̀ràn pé kí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ mú nọ́ńbà tẹ́nì kan ò lè mọ̀ ṣáájú, bí ìgbà tí ludo orí kọ̀ǹpútà ń da ayò, máa fi 16807 lọ́nà nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́, kó fi 2147483647 pín in, kó mú ohun tó ṣẹ́kù. Torí pé prime ni, tí 16807 náà sì bá a mu, gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2147483646 ló máa kàn kí ẹyọ kan tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

O tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà ẹ pé tá a bá fi 2 lọ́nà ara ẹ̀ títí ó fi pé 2147483647, tá a yọ 1, ṣé òun náà á jẹ́ prime. Ìbéèrè gidi! Nọ́ńbà yẹn á ní ju dígíìtì mílíọ̀nù 646 lọ, kò sí ìwé tó máa gbà á. Kì í ṣe prime. 295257526626031 ló pín in. Bí wọ́n ṣe rí nǹkan tó pín nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò lè kọ tán, ajọ̀ tá a lò lẹ́ẹ̀kan yìí náà ni: yọ 1 kúrò lára 295257526626031, kó o wá fi 2147483647 pín ohun tó kù. 137490 géérégé ni wàá bá níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè ka nọ́ńbà kọjá ogún lédè wa. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa pe nọ́ńbà yìí ní Yorùbá?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, Bàbá. Bí a ṣe ń pè é lóde òní: bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti ẹgbẹ̀ta lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Àmọ́ mo mọ̀ pé ti àwọn baba wa lẹ̀ ń bi mí. Wọn ò ní bílíọ̀nù, ọ̀kẹ́ ni wọ́n ní, àpò owó ẹyọ tó jẹ́ 20,000. Ká ní owó ẹyọ ni nọ́ńbà yìí, ọ̀kẹ́ 107,374 ni, 3,647 owó ẹyọ á wá ṣẹ́kù sílẹ̀. Tá a bá sì lọ́ ọ̀kẹ́ mọ́ ọ̀kẹ́, ìyẹn ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́, tó jẹ́ 400,000,000, ó máa jẹ́ márùn-ún irú ẹ̀, ọ̀kẹ́ 7,374 lé e, àti 3,647 yẹn. Ọ̀nà ti ọ̀kẹ́ yìí dùn mọ́ mi létí ju ti bílíọ̀nù lọ, torí èèyàn lè fojú inú rí àpò nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: POS ni mo ń ṣe ní Ṣàgámù. Wọ́n ní gbogbo kọ̀ǹpútà máa dàrú lọ́dún 2038 nítorí nọ́ńbà yìí. Ṣé kí n má ra ẹ̀rọ tuntun ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ rà á, ẹ̀gbọ́n, kò dé ibẹ̀ yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá, ìbẹ̀rẹ̀ January 1, 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èyí tó bá ń kó iye yẹn sínú àpótí tí mo ṣàlàyé fún akọ̀wé lókè, ìṣẹ́jú àáyá 2147483647 ló máa kún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa bọ́ sí, January 19, 2038, aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní Nàìjíríà. Tí ìṣẹ́jú àáyá kan bá tún lé e, ẹ rántí bíìtì kan tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún gbèsè? Òun ló máa yí padà, ẹ̀rọ náà á gbà pé December 13, 1901 la wà.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń lo bíìtì 64 fún àkókò ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú nǹkan míì tẹ́nikẹ́ni kì í tún ètò wọn ṣe ni kẹ́ ẹ máa wò, kámẹ́rà ara ògiri, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Kò sì dìgbà tí 2038 bá dé kó tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ètò tó bá ń ṣírò owó ilé ogún ọdún lónìí ti ń kọjá ọjọ́ yẹn nínú ìṣirò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ POS yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ṣì ń fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí i. Ẹ má sì fi déètì fóònù tẹ́ ẹ ń lò sí 2038 láti fi dán an wò o, áàpù báǹkì yín lè kọ̀ láti ṣí. Tó bá wù yín, fóònù àtijọ́ tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ yọ síìmù kúrò, kẹ́ ẹ gbé e sí January 19 yẹn, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 13, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kọ̀wé sí mi ohun tẹ́ ẹ bá rí.